Àwo Tí Pléyà Ilé Kò Ní Kọ̀

Lẹ́yìn ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà, àwo fídíò ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń pín ohun tí ayàwòrán gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó wà ní Èkó á wò ó lórí kọ̀ǹpútà, á rí i pé ó mọ́ kedere, á sì fi rán ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Bí àwo bá dé ọ̀hún, tí wọ́n tì í bọ inú pléyà tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ á yí i títí, á sì kọ “NO DISC” sójú. Ọrùn pléyà ni ẹjọ́ máa ń bọ́ sí: wọ́n á ní ó ti gbó, wọ́n á ní léńsì rẹ̀ ti dọ̀tí, ẹlòmíràn á tilẹ̀ sáré lọ ra tuntun. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí, pléyà kò jẹ̀bi. Ẹni tó ṣe àwo ni kò ṣe é bí pléyà ṣe lè kà á. Ohun tí mo gbà gbọ́, tí mo sì fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ni pé bóyá àwo yóò ṣiṣẹ́ ní pálọ̀ tàbí kò ní ṣiṣẹ́, a ti yanjú rẹ̀ kí léésà kọ̀ǹpútà tó tan. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ẹbí rí fídíò rẹ̀, pléyà tó pẹ́ jù tó sì mọ nǹkan kéré jù nínú ẹbí ni kó fi sọ́kàn nígbà tó bá ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀rọ tí pléyà jẹ́. Kọ̀ǹpútà lè kọ́ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: bí fídíò kan bá wà tí kò lè ṣí, a ó fi ètò bíi VLC sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Pléyà ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní ilé-iṣẹ́ tó ti jáde ni yóò mọ̀ títí ọjọ́ tó máa bàjẹ́, àdéhùn tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ bá ara wọn ṣe ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ní 1993, Philips, Sony, Matsushita àti JVC fẹnu kò lórí VCD. Àwòrán rẹ̀ fẹ̀ ní píksẹ́lì 352, ìyẹn àwọn tóótòòtó àwọ̀ tó para pọ̀ di àwòrán. Ó ga ní 288. MPEG-1 ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún un pọ̀. Àwo kan kò sì gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ. Ìdí nìyẹn tí fíìmù Yorùbá tí wọ́n ń tà ní ọjà Ìdúmọ̀tà l'Ékòó fi ń wá ní àwo méjì nígbà tí VCD gba ọjà lọ́wọ́ káséètì: eré wákàtí méjì kò lè wọnú ẹyọ kan. Ní 1995 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tún fẹnu kò lórí DVD, pléyà rẹ̀ àkọ́kọ́ sì bọ́ sọ́jà ní Japan ní oṣù kọkànlá ọdún 1996. Àwo tuntun yìí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 12 ti CD lọ, ṣùgbọ́n ó gba gígábáìtì 4.7, àwòrán rẹ̀ fẹ̀ ní 720, ó ga ní 576, MPEG-2 ni wọ́n sì fi ń fún un pọ̀. Pléyà tó wà nílé àwọn òbí wa, ìlànà méjì yìí ló mọ̀ dájú. Ohun yòówù tó bá mọ̀ kún un, ènì ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé fídíò tó bá ti wà lórí àwo ti di àwo fídíò. MP4 tí fóònù gbà sílẹ̀, tí a kàn wọ́ sórí àwo, fáìlì ló ṣì jẹ́. Iṣẹ́ àpótí ni àwo ń ṣe fún un. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí Windows. Bí a bá ti àwo òfìfo bọ inú kọ̀ǹpútà, tí a sì ní ká kọ nǹkan sórí rẹ̀, yóò béèrè bóyá a fẹ́ máa lo àwo náà bíi fíláàṣì, àbí inú pléyà CD tàbí DVD la fẹ́ lò ó. Bí a bá mú ti àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà á to àwo náà lọ́nà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ pléyà ilé kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá mú ìkejì á rò pé òun ti yè bọ́, nítorí orúkọ pléyà wà nínú ohun tó tẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ìyẹn ṣe ni pé ó kọ àwo náà lọ́nà tí ẹ̀rọ púpọ̀ lè gbà ka fáìlì orí rẹ̀. MP4 tó wà níbẹ̀ kò yí padà. Lójú tèmi, ìbéèrè yìí ti tan àwọn ènìyàn jẹ púpọ̀, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò ní ìdí kankan láti rò pé iṣẹ́ ṣì kù lẹ́yìn rẹ̀.

DVD gidi ní ètò tirẹ̀. Fọ́ódà kan wà lórí rẹ̀ tó ń jẹ́ VIDEO_TS, lẹ́tà ńlá ni gbogbo orúkọ náà, oríṣi fáìlì mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀. Èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí VOB ló gbé àwòrán àti ìró. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó gbọ́dọ̀ ju gígábáìtì kan lọ, nítorí náà eré gígùn máa ń pín sí VTS_01_1, VTS_01_2 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, pléyà á sì máa so wọ́n pọ̀ láìjẹ́ kí òǹwòran mọ̀ pé wọ́n pín. Èyí tó parí sí IFO ló ń sọ fún pléyà ibi tí orí kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, bí eré ṣe gùn tó, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá tẹ ohun kan nínú mẹ́nù. BUP ni ẹ̀kẹta, ẹ̀dà IFO ló jẹ́: bí iyanrìn bá ha ojú ibi tí IFO wà, ẹ̀dà rẹ̀ ni pléyà yóò lọ kà. Àwọn tó ṣe ìlànà yìí mọ̀ pé àwọn ọmọ á máa fi ọwọ́ ọlọ́ràá mú àwo, wọ́n sì ti pèsè sílẹ̀ fún un. VCD náà ní tirẹ̀, MPEGAV ni fọ́ódà rẹ̀, AVSEQ01.DAT sì ni fáìlì tí eré máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀. Ẹni tí ayàwòrán bá gbé àwo fún lè fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò ní kíá: kó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, bí kò bá rí VIDEO_TS tàbí MPEGAV níbẹ̀, kó dá a padà kó tó san owó tó kù.

Àwọn ètò tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò ṣọ̀wọ́n, a sì lè rí òmíràn gbà lọ́fẹ̀ẹ́. DVDStyler ń yí fídíò padà sí MPEG-2, ó ń ṣe mẹ́nù, ó sì ń to VIDEO_TS. ImgBurn ń kọ ohun tí a ti tò sórí àwo, ohun tí à ń pè ní bíbọ́ọ̀nù. Ìró ni ẹ fojú sí jù nígbà tí ẹ bá ń lò wọ́n. Ìlànà DVD ní kí a wọn ìró ní ìgbà 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni orin tí a bá fà láti orí CD jẹ́ 44,100. Bí ètò tí a lò bá jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà á gbé e láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n pléyà ilé lè gbé àwòrán kó má gbé ohùn. Fídíò fóònù tún ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ibi tí a ti ń yà á bá ṣókùnkùn, ọ̀pọ̀ fóònù á dín iye àwòrán tí wọ́n ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á sì tún fi kún un bí iná bá mọ́lẹ̀. Bí a bá wá sọ ọ́ di DVD, tí iye àwòrán gbọ́dọ̀ dúró sójú kan, ohùn lè máa yà kúrò lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, títí tí pásítọ̀ á fi pa ẹnu dé tí ìwàásù ṣì ń dún. Kí a kọ́kọ́ yí fídíò náà padà sí èyí tí iye àwòrán rẹ̀ kì í yẹ̀ ni oògùn rẹ̀.

Gígùn ló tún kàn, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀, torí ìnáwó wa kì í pẹ́ díẹ̀. Gígábáìtì 4.7 jẹ́ bíìtì bílíọ̀nù 37.6. Bí a bá pín in fún wákàtí méjì, ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan á rí mílíọ̀nù 5.2 gbà, àwòrán àti ìró lápapọ̀, ìyẹn sì tó kí ojú ìyàwó mọ́ kedere kí aṣọ òkè rẹ̀ sì máa dán. Bí a bá fi wákàtí márùn-ún kún ẹyọ àwo kan náà, ohun tó kù fún ìṣẹ́jú-àáyá kan kò ju mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ lọ. Ibi tí gbogbo ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́ lè ṣì dára, ṣùgbọ́n níbi tí ijó ti gbóná, tí owó ń fò lórí, tí iná aláwọ̀ mèremère sì ń yí, àwòrán á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹlòmíràn á ní ṣebí àwo kan wà lọ́jà tí fíìmù mẹ́wàá, àní ogún, wà lórí rẹ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìlànà DVD fàyè gba àwòrán kékeré ti VCD, àwọn tó ń ṣe irú àwo bẹ́ẹ̀ sì ń fún fíìmù pọ̀ títí tí ojú òṣèré kò fi ní mọ́. Wọ́n ń fi ohun olóhun ṣòwò pẹ̀lú, èyí tí òfin àṣẹ-lórí-iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní 2023 kò fàyè gbà. Fídíò ìnáwó ẹbí kò ní ẹ̀dà kankan ní Ìdúmọ̀tà tí a lè lọ rà bí èyí bá bàjẹ́. Kí ayàwòrán pín in sí àwo méjì tàbí mẹ́ta, kí ìdána wà lórí ọ̀kan, kí ìjókòó àríyá wà lórí òmíràn. Owó àwo kan tó lé kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí wọ́n san fún kámẹ́rà. Bí eré bá sì kúrú, kí a má ṣe rò pé a gbọ́dọ̀ lo gbogbo àyè tó wà. Bíìtì mílíọ̀nù 9.8 ni òpin tí ìlànà fún àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá, ṣùgbọ́n pléyà tó ti dàgbà máa ń há lórí àwo tí a bọ́ọ̀nù bí ó bá súnmọ́ òpin yẹn. Mílíọ̀nù 8 tó.

Ẹbí Yorùbá wà káàkiri ayé, ìyẹn sì mú ọ̀rọ̀ PAL àti NTSC wọlé. Ìlànà PAL, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ni Nàìjíríà àti Bìrìtéènì jọ ń lò láti ayé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́; NTSC, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30, ni ti Amẹ́ríkà. Àwo PAL tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn á ṣiṣẹ́ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ pléyà tí wọ́n tà ní Houston kò ní gbà á. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ pléyà tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà àti ní Yúróòpù ń gba NTSC. Èyí ló mú kí n rò pé àṣà pé kí gbogbo àwo tí a bá ṣe nílé jẹ́ PAL kò bá ìgbà mu mọ́ ní gbogbo ìgbà. Bí kámẹ́rà bá ya fídíò ní 25, kí àwo ilé jẹ́ PAL, torí bí a bá yí 25 padà sí 30 ìrìn ènìyàn á máa ta kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ fóònù ló yà á, tí ọ̀pọ̀ fóònù sì ń yà ní 30, NTSC ló súnmọ́ ọn jù, àwo kan náà á sì ṣiṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn àti ní Houston. Ti kóòdù agbègbè, èyí tó ń dí àwo fíìmù Amẹ́ríkà lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́ lórí pléyà ibòmíràn, kò kan àwo tí a ṣe fúnra wa, àyàfi tí a bá fi ọwọ́ ara wa fi kóòdù sí i. Kí a fi í sílẹ̀ fún gbogbo agbègbè.

Títí di ìsinsìnyí, a kò tíì fọwọ́ kan àwo òfìfo. Òun náà ní tirẹ̀. Lórí àwo tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀, ihò kéékèèké ni wọ́n fi mọ́ọ̀dì tẹ̀ sínú ike, wọ́n á sì fi alumíníọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Àwo òfìfo kò ní ihò. Aró ni wọ́n tẹ́ sí i, léésà kọ̀ǹpútà á sì máa sun aró náà kó ṣú níbi tó yẹ. Ti ilé-iṣẹ́ dà bí ilà tí a kọ sí ojú, tiwa sì dà bí làálì. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láti ara àwo ni pléyà fi ń mọ ohun tó wà lórí rẹ̀, àwo tó bá ta ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà sì lè ṣòro fún un láti kà. Àwo DVD-RW, tí a lè pa rẹ́ ká tún un kọ, máa ń ta nǹkan bí ìdá 18 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún padà, nígbà tí DVD-R ń ta 45 ó kéré tán. Nítorí náà ni RW ṣe dára fún ìdánwò, tí kò sì dára láti fi rán ìyá àgbà. Láàárín DVD-R àti DVD+R, mo fara mọ́ DVD-R fún pléyà àtijọ́: 1997 ló ti wà, +R kò dé títí di 2002, ọ̀pọ̀ nínú àwọn pléyà tí wọ́n ṣe kí ó tó dé kò sì mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ìbọ́ọ̀nù kan lè fi àmì DVD tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ sára +R kí pléyà má bàa kọ̀ ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè ṣe é. Àwo onípele méjì tó gba gígábáìtì 8.5 kò yẹ ká fi dán pléyà ogún ọdún wò.

Àárín àwo ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan, tí à ń lọ sí etí rẹ̀. Etí yìí ni àṣìṣe máa ń pọ̀ sí jù, torí ibẹ̀ ni àwo ti ń yí lọ́nà tó le jù lábẹ́ léésà, ibẹ̀ náà sì ni ìka ọwọ́ ti ń dì í mú. Bí eré bá ń lọ dáadáa tó wá ń há ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti fẹ́ gé kéèkì gan-an, etí àwo ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tó bá fi nǹkan bí mẹ́gábáìtì 300 sílẹ̀ láìkọ ti yẹra fún ibẹ̀. Eré sísá nígbà ìbọ́ọ̀nù náà kò sì ní èrè tó bẹ́ẹ̀. Ní ìlọ́po 16, tí ètò ń kọ ní 16x, àwo tó kún á gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà; ní ìlọ́po 8, nǹkan bí mẹ́jọ; ní ìlọ́po 4, nǹkan bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni ayàwòrán tó ní àádọ́ta àwo láti fi ṣọwọ́ ṣe máa ń fi wọ́n sáré, àwo tí wọ́n dá padà fún un sì máa ń jẹ àkókò ju èyí tó fi pamọ́ lọ. Mẹ́rin tàbí mẹ́jọ ló dára. Kíkọ ọ́ ní ìlọ́po kan kò mú un dára sí i, torí àwọn àwo tí wọ́n ń ṣe fún ìlọ́po 16 kò fẹ́ kí léésà pẹ́ lórí wọn tó bẹ́ẹ̀.

Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín ìbọ́ọ̀nù, àwo yẹn ti di pàǹtírí. Aró tó ti ṣú kò ṣeé fọ̀ padà. Láti 2000 ni ẹ̀rọ ìbọ́ọ̀nù ti ní ọgbọ́n tó ń jẹ́ kó dúró de kọ̀ǹpútà tó bá lọ́ra, ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí kò lè ṣe nǹkan kan sí iná tó lọ. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kún ló yẹ iṣẹ́ yìí ju kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní ohun tó ń gbé e dúró. Lẹ́yìn kíkọ, a gbọ́dọ̀ ti àwo pa, ìyẹn ni pé kí kọ̀ǹpútà kọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ síbi tí pléyà ti ń wá a. Àwo tí a fi sílẹ̀ láìtì fún ọjọ́ iwájú ni pléyà ń pè ní òfìfo. Kí a jẹ́ kí ImgBurn ka àwo náà padà kó sì fi í wé ohun tó yẹ kó wà lórí rẹ̀. Kí a má lẹ bébà mọ́ ojú DVD, ooru á ká a sókè, àwo tó ń yí kíkankíkan kò sì fẹ́ ohun tó wúwo lápá kan. Gègé olómi tí ẹnu rẹ̀ rọ̀ ló yẹ ká fi kọ orúkọ ìnáwó àti ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo CD fún VCD tún ní láti ṣọ́ra sí i, nítorí ohun tí a kọ sórí CD wà lábẹ́ ojú tí a ń kọ orúkọ sí gan-an, níbi tí ti DVD wà láàárín ike méjì.

Àtakò tó lágbára jù sí ohun tí mo ń sọ ni pé pléyà òde òní ti kọjá gbogbo èyí: ó ní ihò fíláàṣì, ó sì ń gbé MP4. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ ń gbé e. Àmọ́ kí ni a ń pè ní MP4? Oríṣiríṣi ni fídíò tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Pléyà tí wọ́n kọ DivX sí iwájú rẹ̀ lè gba AVI àtijọ́ kó sì kọ H.264 tí fóònù ń yà. Èyí tó gba H.264 lè kọ HEVC. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ka fíláàṣì bí kò bá jẹ́ FAT32, èyí tí kò gba fáìlì kan tó ju gígábáìtì mẹ́rin lọ. Ẹni tó fi fíláàṣì ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ irú pléyà tó wà ní ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fi DVD tí a ṣe bó ti yẹ ránṣẹ́ kò nílò rẹ̀, torí pléyà tuntun kò gbàgbé ohun tí àtijọ́ mọ̀.

Àwọn mìíràn á ní kí ló dé tí a kò fi gbé e sórí YouTube, tàbí kí a fi WhatsApp ránṣẹ́. Fún ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò ní ihò àwo mọ́, ìyẹn ló dára jù, n kò sì rò pé ó yẹ ká fi àwo dà á láàmú. Ṣùgbọ́n WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀ títí tí ojú á fi ṣókùnkùn, dátà tí wákàtí mẹ́ta YouTube ń jẹ kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì fẹ́ máa rà, bẹ́ẹ̀ náà ni kì í fẹ́ kí ọmọ-ọmọ bá òun ṣí fóònù nígbà gbogbo tí ó bá fẹ́ rí ojú ọkọ rẹ̀ tó ti lọ. Àwo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Rìmóòtù tó mọ̀ ló ń lò, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kan ní òkè òkun tó lè sọ pé òun ti pa á rẹ́.

Ọ̀rọ̀ pé àwo ti ń lọ sí ìparí kì í ṣe irọ́. Netflix fi àwo tó kẹ́yìn ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Sony sì dáwọ́ dúró lórí Blu-ray òfìfo ní oṣù kejì ọdún 2025. Aró àwo náà kì í ṣe ohun ayérayé, oòrùn àti ooru ló ń pa á. Ìwé ìtọ́nisọ́nà tí NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ìlànà àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ṣe fún àwọn ilé-ìkàwé ní 2003 ní kí a tọ́jú àwo sí ìdúró nínú àpótí ike rẹ̀, níbi tó tutù, tí kò sì sí ìmọ́lẹ̀. Orí tẹlifíṣọ̀n tí oòrùn ọ̀sán ń pa kọ́ ni ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èyí n kò rí ìdí tí a fi ní láti ṣe àwo tí kò dára. Ohun tí gbogbo rẹ̀ ń sọ ni pé kí a má ṣe fi àwo nìkan pamọ́. Nígbà tí a bá ti to VIDEO_TS tán, ImgBurn lè sọ ọ́ di ISO, ìyẹn fáìlì kan ṣoṣo tó jẹ́ odindi àwo náà pẹ̀lú mẹ́nù àti gbogbo rẹ̀. Kí a fi ISO yìí sórí háàdì dísìkì méjì, ọ̀kan nílé ayàwòrán, ọ̀kan nílé àkọ́bí, pẹ̀lú fídíò gangan tí kámẹ́rà yà. Bí àwo ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í há, a ó bọ́ọ̀nù òmíràn láti inú rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin, sórí DVD-R tuntun, níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì rí i rà. Ẹni tí ìdílé bá sì pín ISO fún lè fi VLC ṣí i tààrà lórí kọ̀ǹpútà, mẹ́nù kan náà tí ìyá rẹ̀ ń rí ní Ìsẹ́yìn ni yóò rí.